Ẹ̀gbẹ́ Tó Fẹ́lẹ́ Ni Kó O Wọ̀n

Ọ̀wọ̀,
Òwúrọ̀ Sátidé.

Bàlìkísù, ọmọ mi,

Ara mi le, ilé sì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni, torí kì í ṣe ìkíni ló mú mi jókòó ti bébà láti ìdájí. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ o máa ń dá mi lóhùn kí n tó parí ọ̀rọ̀, èmi náà á sì gbàgbé ibi tí mo bá a dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fẹ́ kó o kà á tán kó o tó fèsì.

Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, inú rẹ ń dùn. O ní oṣù kẹta rẹ ní ilé-iṣẹ́ rọ́bà tó gbà ọ́ sí Ṣàgámù ti ń parí lọ, pé wọ́n ti fẹ́ràn rẹ. O ní ọ̀gá yín gbé họ́ọ̀sì rẹ́díétọ̀ kan wá sórí tábìlì rẹ, o wọ̀n ọ́n, kò pé, ó ní kó o kọ ọ́ pé ó pé, o sì kọ ọ́. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màmi, omi lásán ló ń gba inú ẹ̀ kọjá." O tún ní ọ̀gá yín sọ fún àwọn tó kù pé ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́, pé o kì í ṣe oníwàhálà.

Mo ní, "Ó dáa," mo sì pa fóònù. Mi ò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

O rò pé mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀bi mi ni. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ ni pé mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà Bìní kí n tó padà wálé wá máa ránṣọ. Mi ò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀, iṣẹ́ tí ìwọ ń ṣe lónìí gan-an ni mo sì ṣe. Họ́ọ̀sì gáàsì là ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń fà láti ara sílíńdà lọ sí ìdí sítóòfù. Èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n kó tó jáde.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, tó ń to ojú ẹ̀rọ, ọmọ Upẹnmẹn tó wà lẹ́bàá wa níbí, tí ohùn wọn jọ tiwa. Èmi ni ọmọ Ọ̀wọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ka wa, torí náà, nígbà tó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sọ mí di àbúrò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n tí àwẹ̀ bá dé, òun ló máa ń dúró ti tábìlì mi kí n lè lọ kírun kí n sì ṣínu.

Jẹ́ kí n kọ ohun tó kọ́ mi síbí. Wọ́n ti kọ́ ìwọ náà ní Pólì, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé ìyá rẹ kò sọ̀rọ̀ láìmọ ìdí.

Rọ́bà tí wọ́n ń kó wá láti àwọn oko ìhà Ìjàgbà máa ń dé ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, òórùn rẹ̀ kì í dára. Wọ́n á fi í sáàárín irin róbótó méjì tó ń yí, wọ́n á máa pò ó mọ́ èédú lẹ́búlẹ́bú, òróró, imí ọjọ́ àti àwọn ẹ̀bù mìíràn, títí tó fi máa di ohun dúdú kan tó rọ̀ bí iyán. Wọ́n á gé e ní ọ̀já gígùn. Ọ̀já yìí ni wọ́n ń fi bọ́ ẹ̀rọ tó ń ti rọ́bà jáde. Inú ẹ̀rọ náà kò yàtọ̀ sí ti irin ọlọ́wọ́ tí a fi ń lọ ẹ̀gúsí nílé: ọ̀pá onílọ̀ọ́lọ̀ kan ń yí nínú agolo irin, ó ń ti ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ síbi ihò. Tiwa gùn ju èèyàn lọ, iná mànàmáná ló ń yí i, omi gbígbóná sì ń yí agolo rẹ̀ ká. Tí rọ́bà bá tutù jù, kò ní ṣàn. Tó bá gbóná jù, imí ọjọ́ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àkókò tó tó, rọ́bà á gan sínú ẹ̀rọ, kò sì sí ohun tó lè mú un rọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi máa ń sáré tí iná bá lọ lójijì. Wọ́n á tú orí ẹ̀rọ, wọ́n á fa rọ́bà inú rẹ̀ jáde kó tó di òkúta síbẹ̀.

Ihò tó gbà jáde ló ń fún un ní ìrísí. Ti họ́ọ̀sì, ihò róbótó ni, ọ̀pá irin kékeré kan á sì dúró láàárín rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá yìí àti etí ihò ni yóò di ara họ́ọ̀sì. Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú ní kí n má ṣe rò pé bí ihò bá ṣe tóbi tó ni họ́ọ̀sì ṣe máa tóbi tó. Ó ní rọ́bà máa ń wú tó bá ti bọ́ lẹ́nu ihò, bí èèyàn tó há mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò láti Àkúrẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ tó na ara. Nítorí náà, ihò gbọ́dọ̀ kéré ju ohun tó o fẹ́ lọ. Mélòó ló máa fi kéré? Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń to ojú ẹ̀rọ, bó ṣe mọ rọ́bà ọjọ́ náà àti bí ẹ̀rọ ṣe ń yára tó. Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú mọ̀ ọ́n débi pé á fi ìka kan rọ́bà, á sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dín eré ẹ̀rọ kù.

Tó bá jáde báyìí, ó ṣì rọ̀. Wọ́n á gbé e gba inú omi tútù, wọ́n á da pàúdà sí i kó má bàa lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á ká a, wọ́n á sì tì í mọ́ inú ìkòkò irin ńlá kan tí ooru omi kún. Inú ìkòkò yẹn ni imí ọjọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ á máa na, á sì máa padà sípò, kò ní jẹ́ iyán mọ́. Bó bá wọ́ wọ ìkòkò, wíwọ́ náà ló máa wà títí ayé. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń dé orí tábìlì mi.

"Ibi mẹ́rin ni kó o ti wọ̀n ọ́n," Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú sọ fún mi. "Òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Tí ọ̀pá àárín bá ti yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á nípọn, ẹ̀gbẹ́ kejì á fẹ́lẹ́. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni kó o kọ sílẹ̀, àbúrò. Ẹ̀gbẹ́ tó nípọn kò ní bẹ́."

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo ní fún ọ nìyẹn, kì í sì í ṣe tèmi.

Ní ọdún kẹsàn-án tí mo débẹ̀, ibi tí wọ́n de ọ̀pá àárín náà mọ́ là. Tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀pá á dúró gangan. Tí ẹ̀rọ bá ti gbóná, á yẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú sọ fún mánẹ́jà, ó sì sọ fún èmi náà pé kí n lajú mi sílẹ̀. Mánẹ́jà ní òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, pé yóò dé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọn họ́ọ̀sì kan, apá òsì rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Mo gbé e lọ bá mánẹ́jà.

Kò bínú. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ràfíátù, apá ọ̀tún ń kọ́?"

Mo ní, "Ọ̀tún nípọn, sà."

"Tó o bá wá ro méjèèjì pọ̀ tó o pín in, ṣé kò pé?"

Mo ní, "Ó pé tá a bá pín in, sà."

"Kọ èyí tó pé sílẹ̀. Ìwọ lo lóye jù nínú gbogbo àwọn tó wà níbí, mo sì ti ń rò ó pé ó yẹ kó o di súpáfáísọ̀."

Mo kọ ọ́. Mo buwọ́ lù ú. Oyún rẹ ti lé ní oṣù márùn-ún nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń sọ fún ara mi pé nítorí rẹ ni. Irọ́ ni. Mi ò rántí oyún kankan lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ó ní mo lóye jù.

Ìkejì nìyí, kó o sì kà á dáadáa. Ọ̀gá tó ń yìn ọ́ níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé o kì í ṣe oníwàhálà, ó ti rí ibi tó máa dì ọ́ mú. Kò yìn ọ́ nítorí iṣẹ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń yìn, á ní o mọ ìwọ̀n wọ̀n.

Lẹ́yìn tí mo kọ ti àkọ́kọ́, ìkejì kò ni mí lára. Títí oṣù náà fi parí, mi ò gbé kálípà, irin tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, lọ sápá òsì mọ́. Mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan dé. Tíṣà ni, láti Ìfọ̀n. Wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé ọ̀rá dúdú kan kọ́ apá. Họ́ọ̀sì wa ló wà nínú rẹ̀, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jóná lórí. Ó ní gáàsì ló jò, tí iná sì sọ nílé ìdáná. Ó ní ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣì wà ní ọsibítù, pé ojú àti ọrùn ló ti jó o. Kò pariwo. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá họ́ọ̀sì ló bàjẹ́ ni, tàbí òun lòun ò dè é dáadáa.

Mánẹ́jà pè mí. Ó pe Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú pẹ̀lú. Ó ní, "Ràfíátù, wọ̀n ọ́n kí wọ́n rí i."

Mo mú kálípà. Mo yí họ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ mi, àtàǹpàkò mi kan ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́lẹ́, mo sì yí i kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó nípọn ni mo wọ̀n. Mo ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Nọ́ńbà náà dára.

Mánẹ́jà ní, "Màdáámù, ẹ ti rí i fúnra yín. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ ò dè é le."

Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú dákẹ́, ó ń wò mí. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́, ó gba họ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ mi, ó yí i, ó sì fi han tíṣà. Ó ní, "Ẹ wò ó níbí, mà. Kò nípọn tó. Ibi tí irin wa ti là ló fà á. Mo ti sọ fún wọn."

Mánẹ́jà yíjú sí mi. "Ṣé Ìdòwú sọ fún ọ rí pé irin kankan là?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù tí mo buwọ́ lù wá, wọ́n ní họ́ọ̀sì dára nígbà tó kúrò lórí tábìlì, pé Ìdòwú fẹ́ ba ilé-iṣẹ́ lórúkọ jẹ́ níwájú oníbàárà ni. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kó máa lọ. Tíṣà gbé ọ̀rá rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi gan-an.

Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú dúró sí ẹnu géètì títí tí iṣẹ́ fi parí. Mo mọ̀ pé èmi ló ń dúró dè. Mo gba ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ̀ rọ́bà ń gbà wọlé.

Mo di súpáfáísọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, mo ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ rà, mo padà wá sí Ọ̀wọ̀, mo sì ń ránṣọ fáwọn èèyàn. Wọ́n ń pè mí ní ọmọlúàbí. Tí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, ńṣe ni mo máa ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta: má ṣe sọ fún ara rẹ pé wàá sọ ọ́ tó bá yá. Kì í yá. Mo ti wọ mọ́tò kọjá ní Ìfọ̀n láìmọye ìgbà. Mo mọ ilé-ìwé tí tíṣà yẹn ti ń kọ́ni, ó wà létí títì. Ní gbogbo ọdún yẹn, mi ò sọ̀ níbẹ̀ rí.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti kú, mo lọ sí Upẹnmẹn. Mo bá Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dìde, ó ní kí ìyàwó òun gbé àga àti omi wá.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Bàlìkísù, Yorùbá ìwé ló fi kí mi, èyí tá a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Fún ọdún mẹ́sàn-án tá a fi ṣiṣẹ́ pọ̀, kò fi nǹkan kan bá mi sọ̀rọ̀ rí ju ohùn Ọ̀wọ̀ lọ, kò sì pè mí ní ẹ̀yin rí. Mo fi ohùn ilé dá a lóhùn. Kò yí padà.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó ní, "Ẹ dìde, mà. Ọjọ́ yẹn, kí n tó gba họ́ọ̀sì lọ́wọ́ yín, mo dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń fi àyè sílẹ̀ fún."

Mo ní, "Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé ẹ ti lọ bá tíṣà yẹn?"

Mo ní mi ò tíì lọ.

Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò bá ti kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ lásán ló bọ́ lọ́wọ́ mi."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì lé mi. Ó ní kí ọmọ òun kan fi ọ̀kadà gbé mi dé títì. Mo délé, mi ò sì lọ sí Ìfọ̀n. Oṣù ń gorí oṣù. Mo ń rí iṣẹ́ tí mo máa fi bojú. Ìgbà tó o wá rẹ́rìn-ín létí mi lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, tó o ní omi lásán ni, mo gbọ́ ohùn ara mi.

Nítorí náà, àná, lẹ́yìn Jímọ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ̀n. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n júwe ilé rẹ̀ fún mi. Àpá iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbà mí lálejò láìmọ̀ mí. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní họ́ọ̀sì náà kò dára, mo mọ̀ pé kò dára, ẹ̀gbẹ́ tó nípọn ni mo wọ̀n níṣojú rẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé èmi ni mi ò dè é le. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sí mi lójú láìmọye ìgbà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Títí di ìsinsìnyí tẹ́ ẹ wọlé, mo gbà pé ọwọ́ mi ni mo fi jó ọmọ mi."

Mo ní kó má bínú. Kò gbọ́ mi. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe ẹnì kan, ó ní, "Ṣadé, ṣé o ráyè? Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi. Gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ." Ó wá gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Òun lẹ máa sọ ọ́ fún."

Ọmọ tó jóná náà ni. Mo gbọ́ tó ń mí lórí fóònù. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jẹ́ kí n parí. Ó bi mí léèrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Mà, ẹ lọ́mọ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó pa fóònù.

Ìyẹn ni mo gbé sùn lánàá, òun náà ni mo ṣì ń gbé bọ̀ nínú bírò yìí.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí ìmọ̀ràn yìí jẹ́ mọ́, àmọ́ òun ló kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó o bá dé ibi iṣẹ́, wá họ́ọ̀sì tó o buwọ́ lù yẹn. Tí kò bá tíì jáde, gbé e sọ́tọ̀, gé e ní orí kan, kó o wọn ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o kọ èyí tó fẹ́lẹ́ jù sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ. Tó bá ti jáde, béèrè ibi tí wọ́n kó o lọ, kó o sì kọ lẹ́tà sí ẹni tó ju ọ̀gá rẹ lọ. Tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Má pariwo, má bú ẹnikẹ́ni. Kó o sì má sọ fún mi pé omi lásán ni. Omi tó ń hó ni, mọ́tò tó ń sáré ló wà nínú rẹ̀, èèyàn ló sì máa wà nínú mọ́tò náà.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé ọ. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú. Tí wọ́n bá lé ọ, á dùn ọ́, wàá sì máa rí àwọn tó buwọ́ lu irọ́ tí wọ́n ń gba ìgbéga. Bó ṣe ń rí nìyẹn. Mo ti wà ní apá ibi tí wọ́n ti ń gba ìgbéga, mo sì ti sọ fún ọ bó ṣe rí níbẹ̀.

Má pè mí lónìí, má sì pè mí lọ́la. Ìgbà tó o bá ṣe é tán ni kó o pè, ì báà jẹ́ ẹkún lo máa fi pè mí. Mi ò fẹ́ kó o dàgbà bíi tèmi, kí ìyá ọlọ́mọ kan wá gbé fóònù lé ọ lọ́wọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Ràfíátù.